Ọkọ̀ Ìyàwó Tí Ará Èkìtì Tù

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ka àwọn tó wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà fún yín, kí ẹnikẹ́ni má baà dìde lọ́la kó ní òun náà wà níbẹ̀. Bàbá mi wà níbẹ̀, ẹni tí gbogbo èèyàn Ọ̀jọ́ ń pè ní Bàbá Èbúté. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì wà níbẹ̀, Gàníyù tó jẹ́ àkọ́bí, àti Ṣíkírù tó tẹ̀lé e. Ọkọ mi wà níbẹ̀, bàbá yín àgbà, tí àwọn ará ilé mi ń pè ní Tíṣà. Délé àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di etí ọkọ̀ mú bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Rónkẹ́ ọmọ mi, ìyá Bùkọ́lá, wà níbẹ̀, ó ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà náà. Èmi náà sì wà níbẹ̀. Èmi ni ìyàwó tí wọ́n ń gbé lọ. Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún, tí ọmọ mi jókòó tì mí, èmi ni ìyàwó.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi ná.

Nígbà tí mo wà lọ́mọge ní Ọ̀jọ́, omi ni títì wa. Lónìí, tí ẹnì kan bá ní òun ń lọ sí Badagry, ọ̀nà ọlọ́dà ló ń rò, á sì ti máa kanra kó tó kúrò nílé. Nígbà yẹn, èbúté la ń lọ. Ilé bàbá mi kò jìnnà sí omi rárá. Tí omi bá kún, a máa ń gbọ́ ọ láti orí ẹní tí a sùn sí. Bàbá mi kan ọkọ̀, ó tu ọkọ̀, ó sì dá àwọn tó ń jà lórí ọkọ̀ lẹ́jọ́. Tí wọ́n bá ń wá a, wọn kì í lọ sí ilé rẹ̀, èbúté ni wọ́n ń wá a lọ.

Ní agboolé tiwa, mi ò sọ pé gbogbo Ọ̀jọ́ o, agboolé tiwa ni mò ń sọ... ọmọbìnrin kì í fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ọkọ, kì í sì í wọ mọ́tò lọ. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé e. Bàbá ìyàwó á jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, àwọn ará ilé ọkọ á máa tù ú. Ọwọ́ ará ilé ọkọ nìkan. Ará ilé ìyàwó kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀. Wọ́n ní tí a bá fi ọwọ́ ara wa tu ọmọ wa lọ sílé ọkọ, a jẹ́ pé a lé e jáde ni. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, ìyá ọkọ á wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó. Lẹ́yìn èyí ni bàbá ìyàwó tó lè jẹun nílé àna rẹ̀. Kí wọ́n tó ṣe é, kò ní fẹnu kan omi lásán níbẹ̀.

Èmi wá lọ fẹ́ ta ni? Ará Èkìtì. Ará òkè, tó dàgbà láàárín àpáta, tí odò tó tóbi jù tó mọ̀ kò ju èyí tí wọ́n ń fọ aṣọ nínú rẹ̀ lọ. Mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, mo ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, òun ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé. A ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù, mọ́tò ló gbé mi dé ilé rẹ̀. Bàbá mi kò bínú. Ó gbàdúrà fún wa. Ohun kan ṣoṣo ló sọ: "Wọn ò tíì gbé ọmọ mi."

A rò pé yóò gbàgbé. Ṣé bàbá mi ni yóò gbàgbé? Tí mo bá bímọ, á wá sí ìsọmọlórúkọ, á dúró síta lábẹ́ agboòrùn, á gbé ọmọ, á gbàdúrà, á sì padà sí Ọ̀jọ́ pẹ̀lú ebi nínú. Ìyá mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kú, kò jẹ òkèlè kan nílé mi rí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Nígbà tó yá, wọ́n gba ọkọ mi sí yunifásítì tó wà ní Ọ̀jọ́, a kó wá sí Ìba. Ìgbà SAP ni, tí gbogbo nǹkan gbówó lórí, tí àwọn olùkọ́ ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Ó yẹ kí inú mi dùn, mo ti sún mọ́ ilé. Ṣùgbọ́n ìgbà náà gan-an ni àìsàn mú bàbá mi. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, èémí rẹ̀ kò délẹ̀. Dókítà kan ní Òkókòmáíkò pè mí sẹ́yìn, ó ní kí n máa tọ́jú rẹ̀ dáadáa, pé ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀.

Mo padà sí Ìba lọ́jọ́ náà, mi ò lè dá iná oúnjẹ. Ọkọ mi bi mí pé kí ló dé. Mo ní, "Bàbá mi máa kú, kò sì ní jẹun nílé mi. Bí ìyá mi ṣe lọ náà nìyẹn."

Ọkọ mi bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún wọ̀ ọ́. Ẹ mọ̀ ọ́n, bó ṣe máa ń ṣe. Ó wá ní, "Odò kékeré tó wà lẹ́yìn Ìba níbí, ṣé ó dé Ọ̀jọ́?"

Mo ní, "Ó dé. Ó gba abẹ́ ọ̀nà Badagry kọjá, ó já sí omi ńlá."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ta mọ́tò Ìjàpá rẹ̀, ó fi ra ọkọ̀ onípákó kan tó ní ẹ́ńjìnì lẹ́yìn. Àwọn ará àdúgbò ń sọ pé yunifásítì ti ba orí ọkọ mi jẹ́. Ìyàwó olùkọ́ kan bi mí lójú ara mi pé, "Ìyá Rónkẹ́, ṣé ẹ ti mú un lọ fún àdúrà?"

Ọkọ mi lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ wá gbé ìyàwó mi."

Bàbá mi ní, "Ìyàwó wo? Èyí tó ti ń bímọ fún ọ láti ọjọ́ yìí?"

"Òun náà ni, sà."

"Ta ni yóò tù ú?"

"Èmi ni, sà. Èmi àti Délé àbúrò mi."

Gàníyù bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ń di ògiri mú kí ẹ tó fo gọ́tà?"

Ṣíkírù ní, "Délé ńkọ́? Ìjẹta, ó kọ̀ láti jókòó sínú ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ òpó."

Bàbá mi gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó yíjú sí ọkọ mi. Ó ní, "Lọ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tètè kọ́ ọ, Tíṣà. Èmi kò ní pẹ́."

Ẹ wá wo bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ó lọ sọ omi di títì ọlọ́dà. Ó ní apá ọ̀tún ni gbogbo awakọ̀ Nàìjíríà ń gbà, pé òfin ni. Bí omi ṣe fẹ̀ tó, á lọ máa há ara rẹ̀ mọ́ etí omi lápá ọ̀tún. Gàníyù á dúró sí èbúté, á máa pariwo sí i, "Tíṣà, ta ló ya ìlà funfun sórí omi fún yín?" Tó bá fẹ́ yà sápá òsì, á na ọwọ́ jáde. Àwọn obìnrin tó ń kó ẹja nínú àwọ̀n á rò pé ó ń kí àwọn, wọ́n á juwọ́ sí i, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrìn o." Òun náà á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Lójoojúmọ́. Kò pẹ́ tí gbogbo etí omi fi mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kan, omi gbé òun àti Délé lọ sí ìhà Navy Town, ẹ́ńjìnì ti kú lọ́wọ́ wọn. Ọmọ ológun kan nínú ọkọ̀ kékeré sún mọ́ wọn, ó ní, "Oga, where you dey go?"

Ọkọ mi ní, "I dey learn boat."

"For wetin?"

"I wan carry my wife."

Ọmọ ológun yẹn wo orí rẹ̀ tó ti ń funfun, ó rẹ́rìn-ín títí, ó fi okùn fà wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá. Délé ló sọ ọ́ fún wa. Ọkọ mi kì bá tí sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, ó wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó yá, gbogbo wa la máa ń bá a lọ ní ọjọ́ Sátidé. A ó gba ẹ̀yìn Ọ̀jọ́, a ó kọjá àwọn abúlé alágbọn, a ó rí àwọn ọkọ̀ oníyanrìn pẹ̀lú ìgbòkun tí wọ́n fi àpò fúláwà rán, tí atẹ́gùn á wú u bí ikùn aláboyún. A ó jẹ ẹ̀bà àti ẹja yíyan lórí omi. Mo jẹ́ ọmọ omi láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, ṣùgbọ́n mi ò rìn lórí omi fún fàájì rí àfi nígbà tí ará Èkìtì gbé mi. Kì í ṣe èmi nìkan ló yà lẹ́nu. Tí a bá gúnlẹ̀ sí abúlé kan, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi wá ni pé, "Ṣé kò sí nǹkan o?" Wọ́n á rò pé a wá túfọ̀ ni. Ta ló ń wọ ọkọ̀ kiri láì ní ẹja tó fẹ́ tà, láì ní òkú tó fẹ́ sin? Ọkọ mi á ní, "A kàn ń gba atẹ́gùn ni." Wọ́n á wo ara wọn.

Àmọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn, bàbá mi ń rù. Tí mo bá ń rẹ́rìn-ín lórí omi, tí mo bá rántí rẹ̀, ẹ̀rín yẹn á gbẹ.

Ọjọ́ náà pé. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọjọ́ mọ́ láàárọ̀ yẹn. Gàníyù àti Ṣíkírù gbé bàbá mi tòun ti àga wá sí èbúté. Aṣọ funfun ló wọ̀, ó ti tóbi jù fún un. Mo wọ léèsì, mo borí. Ojú ń tì mí. Àwọn obìnrin èbúté kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. "Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ta ni ọmọbìnrin gíga tó bá ọ gbé báàgì yìí?" Rónkẹ́ dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ni mí." Ẹnu rẹ̀ ti mú láti kékeré.

Ọkọ mi ṣáná sí ẹ́ńjìnì, ó gbọ́ràn. A gba omi ńlá. Bàbá mi jókòó tì mí níwájú, ó ń wo omi bí ẹni tó ń wo ojú ọmọ rẹ̀. A yà sínú odò tóóró tó ń lọ sí Ìba, èyí tí wọ́n ti fi katakata gbẹ́ nígbà kan kí omi òjò lè máa rí ọ̀nà lọ. A gba abẹ́ ọ̀nà Badagry kọjá. Gbogbo wa tẹríba, mọ́tò ń ké lókè orí wa. Bàbá mi gbé ojú sókè, ó ní, "Àwọn ará ibí yìí, gbogbo wọn ló ń kánjú." Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ.

Ewéko kan wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sórí omi wa láwọn ọdún yẹn. Láti ọ̀nà Àjàṣẹ́, lẹ́yìn bọ́dà, ló ti ń bọ̀. Òdòdó rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ń tẹ́ bí ẹní, ọkọ̀ kò lè gbà á kọjá. Ó pọ̀ nínú odò náà lọ́jọ́ yẹn, ó sì fara mọ́ apá ọ̀tún pátápátá. Àárín mọ́. Apá òsì mọ́. Ibo ni ẹ rò pé Tíṣà gbà?

Ó gba apá ọ̀tún.

Ewéko fà mọ́ ẹ́ńjìnì, ẹ́ńjìnì gbó bí ajá, ó kú. Tíṣà fa okùn rẹ̀ títí, kò jẹ́. Gàníyù káwọ́ lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ fọn fèrè, Tíṣà. Bóyá wọ́n á yà fún yín."

Délé bá wò wá. Délé tí ẹ̀rù omi ń bà. Ó bọ́ bàtà, ó mú àdá, ó pa ojú dé, ó fò sínú omi. Omi mù ún dé ìdí péré. Ó la ojú, ó wo ara rẹ̀, gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, bàbá mi náà. Ó gé ewéko yẹn kúrò, ẹrẹ̀ dé etí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì kò jẹ́ síbẹ̀.

Wọ́n gbé àjẹ̀. Ọkọ mi wà lápá kan, Délé wà lápá kejì. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì ni wọ́n kọ́, wọn ò kọ́ àjẹ̀ dáadáa. Ẹni yìí á fà, ẹni yẹn á sinmi. Ọkọ̀ ń yí bí òkòtó. A óò wo Ìba, a óò wo Ọ̀jọ́, a ó tún wo Ìba. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lẹ́nu wa. Omi ti ń fà. Tó bá fà tán, inú ẹrẹ̀ ni ọkọ̀ yóò jókòó sí títí omi yóò fi padà, bàbá mi kò sì lè jókòó sínú oòrùn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Ó ń há.

Ṣíkírù ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n gba àjẹ̀ yìí. Ẹ wo Tíṣà, ọwọ́ rẹ̀ ti bó."

Bàbá mi ní, "Jókòó."

"Ẹ jẹ́ ká padà nígbà náà. Ká wá lọ́jọ́ mìíràn."

Bàbá mi ní, "Tí mo bá padà, mi ò tún ní lè jáde mọ́. Ìwọ náà mọ̀."

Ọkọ̀ oníyanrìn kan ń kọjá lọ ní ẹnu odò, wọ́n rí wa, wọ́n ké sí wa pé ṣé kí àwọn wá fà wá. Ọkùnrin alágbára mẹ́rin. Mo wo ọkọ mi. Mo fẹ́ kó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá mi lẹ́jọ́, mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáà gbé wa débẹ̀. Ọkọ mi dìde, òógùn bo gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun gan-an ni. Ìyàwó la gbé. Ọwọ́ wa ló gbọ́dọ̀ gbé e." Ó jókòó, ó tún gbé àjẹ̀.

Bàbá mi wò ó. Ó pẹ́ tó ti ń wò ó. Ó ní, "Tíṣà, bàbá rẹ wà láàyè?"

Ọkọ mi ní, "Rárá, sà. Mo kéré nígbà tó kú."

"Ta ló dúró fún un nígbà tí o fẹ́ ọmọ mi?"

"Kò sí, sà. Èmi nìkan ni mo lọ sí kóòtù."

Bàbá mi mi orí. Ó ní, "A jẹ́ pé ilé ọkọ kò pé. Wọn ò ní bàbá." Ó wá yíjú sí Gàníyù. "Gàníyù, bọ́ síbí. Jókòó síbi tí mo jókòó sí. Ìwọ ni bàbá ìyàwó láti ìsinsìnyí."

Gàníyù ní, "Bàbá, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ni bàbá ọkọ. Gbé mi lọ sẹ́yìn. Kí o má sì fọwọ́ kan àjẹ̀ o, àna mi."

Ẹ ò rí ojú Gàníyù. Ẹni tó ti ń fi Tíṣà ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ó wá jókòó tì mí níwájú, ó di bàbá mi, kò mọ ibi tí yóò kó ọwọ́ rẹ̀ sí. Wọ́n gbé bàbá mi dé ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó gba àjẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ mi, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ó fi ọwọ́ tirẹ̀ nù ún. Ó ní, "Délé, ìwọ lápá ọ̀tún. Tíṣà, mú ọ̀pá gígùn yẹn, máa ti ilẹ̀ lápá òsì. Ẹ máa gbọ́ ohùn mi. Ẹ fà. Ẹ sinmi. Ẹ fà. Ẹ sinmi." Òun fúnra rẹ̀ kò lágbára láti fà á dáadáa, ó kàn fi àjẹ̀ tọ́ ojú ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò yí mọ́. Ó ń lọ. Ó ń lọ bí ìgbà tí èèyàn bá ń rọra gbé ọmọ tó ti sùn.

Ìyá ọkọ mi ti dúró lẹ́bàá omi lẹ́yìn Ìba láti àárọ̀. Obìnrin tó wá láti Èkìtì nítorí wa, tó ń bẹ̀rù ọkọ̀ ju Délé lọ. Ó gbé abọ́ omi lọ́wọ́. Ó wẹ ẹsẹ̀ mi lórí kòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó ń sọ Èkìtì rẹ̀, bàbá mi kò gbọ́ ìdajì rẹ̀, ó kàn ń ní, "Àmín." Wọ́n ran bàbá mi lọ́wọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó kọjú sí Gàníyù àkọ́bí rẹ̀, ó ṣí fìlà fún un. Ó ní, "Ẹ ṣeun, àna wa. A ti gba ọmọ lọ́wọ́ yín. A ó tọ́jú rẹ̀." Gàníyù wo ọ̀nà ibòmíràn, ó ń nu imú.

Bàbá mi wọ ilé mi. Ó jókòó sórí àga nínú pálọ̀ mi. Wọ́n gbé iyán wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé, mi ò lè jáde. Ó wẹ ọwọ́, ó bu òkèlè, ó gbé e mì. Ó ní, "Iyán yìí le bí àpáta ìlú wọn." Ó tún bu òmíràn.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà sí Ọ̀jọ́, Ṣíkírù wá láti gbé e. Bàbá mi ní, "Gbé mi lọ síbo? Ilé ọmọ mi ni mo wà." Kò bá wọn lọ. Òjò ọdún yẹn, gbogbo rẹ̀, ilé wa ló lò ó. Òun àti Tíṣà á jókòó sí fàràndá, wọ́n á máa jiyàn lórí pé ọwọ́ ọ̀tún ni tàbí àárín. Ìgbà tí òjò dá ló ní kí wọ́n gbé òun lọ sí etí omi òun. Ọkọ mi ló gbé e lọ, àárín omi ló gbà. Ọ̀jọ́ ni bàbá mi kú sí.

Nílé wa, ọmọ ọkùnrin ló ń wọ inú sàréè láti gba òkú bàbá rẹ̀. Gàníyù wọlẹ̀, Ṣíkírù wọlẹ̀. Ọkọ mi dúró sẹ́yìn láàárín àwọn àna, Kírísítẹ́nì ni, ó sì mọ ipò rẹ̀. Gàníyù gbójú sókè láti inú ilẹ̀, ó ní, "Tíṣà, kí lẹ dúró ṣe níbẹ̀? Ẹ wọlẹ̀ wá. Bàbá yín ni." Ọkọ mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlẹ̀.

Hùn... ẹ wá wò ó báyìí. Wọ́n ti da yanrìn sínú odò ẹ̀yìn Ìba, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbi tí wọ́n ti wẹ ẹsẹ̀ mi. Tí òjò bá rọ̀, omi á wọ ilé wọn, wọ́n á máa ké sí ìjọba. Omi ń wá ọ̀nà rẹ̀ ni. Àwọn ọmọ Ọ̀jọ́ wà lónìí tí wọn ò mọ ìwẹ̀. Ìgbéyàwó náà ti di ti gbọ̀ngàn àti ti kámẹ́rà. Mi ò ní kí ẹ padà sínú ọkọ̀. Ta ni yóò tù ú?

Ṣùgbọ́n ìwọ Bùkọ́lá, tí o ń gba ohùn mi sínú fóònù yìí. Mo gbọ́ pé o ń rojọ́ fún ìyá rẹ pé àwọn èèyàn ọmọkùnrin Tápà tí o fẹ́ fẹ́ yẹn ń béèrè nǹkan tí kò yé ọ. Lọ́jọ́ Sátidé, tí o bá dé ilé wọn, má jókòó sí pálọ̀ bí àlejò. Lọ bá ìyá rẹ̀ ní ilé ìdáná. Bi í pé kí ni wọ́n ń ṣe ní ìdílé wọn tí ìyàwó bá ń wọlé. Tó bá sọ ọ́ tán, má rẹ́rìn-ín, má sì sọ fún un pé ayé ti yí padà. Kí o wá béèrè ara bàbá àgbà wọn tó wà ní Bídà. Tí wọ́n bá ní ara rẹ̀ kò le, ẹ má dúró de gbọ̀ngàn tí ẹ ti san àsansílẹ̀ fún. Ẹ wọ mọ́tò, kí ẹ lọ ṣe é níwájú rẹ̀.